Ẹnubodè kejì tí kọ̀ǹpútà kankan kò mọ̀

Ráútà méjì ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan ti jó. Èkejì ń ṣẹ́jú iná aláwọ̀ ewé rẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì sì wà lórí rẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà 42 ló dákẹ́ nínú gbọ̀ngàn, kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó ráyè jáde síta. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí, mo sì ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn tàbí ọ́fíìsì kékeré, tó sì rò pé rírà ráútà kejì ti parí ọ̀rọ̀.

Gbọ̀ngàn náà wà l'Ádó-Èkìtì, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìyìn. Fọ́ọ̀mù ìwọlé yunifásítì, ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò, ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ jáde, gbogbo rẹ̀ la ń ṣe níbẹ̀. Kì í ṣe ará Adó nìkan ló ń wá. Tí fọ́ọ̀mù bá ku ọ̀la kó kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn tó ti Ìkọ̀lé àti Ọmùò wọkọ̀ ní ìdájí á ti tò sẹ́nu ọ̀nà kí n tó dé.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni Ọjọ́bọ̀ tí mò ń sọ yìí. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Iná lọ, iná dé, ó tún lọ. Nígbà tó dé lẹ́ẹ̀kẹta, agbára tó gbé wá ti pọ̀ jù. Mo gbọ́ "tà!" nínú kọ́bọ́ọ̀dù, òórùn rọ́bà jíjó sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ádápítọ̀ ráútà tí gbogbo gbọ̀ngàn ń lò ti dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ráútà fúnra rẹ̀ kò sì tan mọ́.

Màmá kan wà lórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó sí kọ̀ǹpútà kẹtàdínlógún, ó ti kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀ tán, bọ́tìnnì ìkẹyìn ló kù. Màmá pè mí.

"Ọmọ mi, ṣé kò ní pẹ́? Ọkọ̀ Ọmùò kì í dúró dé alẹ́ o."

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn di àádọ́ta. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà ni ọ̀gá wa ti fowó sílẹ̀, tí a ra ráútà kejì, tí a sì fa ìlà íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn sí i láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn. Mo ti sọ fún ọ̀gá pé ọkàn wa balẹ̀ báyìí. Ráútà àkọ́kọ́ ń jẹ́ 192.168.10.1, èkejì ń jẹ́ 192.168.10.2. Àmọ́ 192.168.10.1 nìkan ni gbogbo kọ̀ǹpútà mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti orí ọ̀kan dé orí èkejì, mò ń ṣí ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn, mò ń pa 1 rẹ́, mò ń fi 2 sí i. Orí ìkẹsàn-án ni mo wà tí ó tó yé mi pé ọ̀nà òdì ni mo ń gbà. Mo padà sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, mo gba orúkọ lọ́wọ́ òkú fún alààyè: mo fún ráútà kejì ní 192.168.10.1. Láàárín bí ìṣẹ́jú kan, àwọn kọ̀ǹpútà tí n kò tíì fọwọ́ kàn bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Àwọn mẹ́sàn-án tí mo ti yí ni mo wá ní láti dá padà.

Gbogbo ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ náà wà nínú ohun tí mo fọwọ́ ṣe yẹn. Orúkọ ló yẹ kó ṣí nídìí, kì í ṣe kọ̀ǹpútà 42.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Láyé àtijọ́ odi ló yí ìlú ká, ẹnubodè ni èèyàn ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde, oníbodè ló sì ń dúró síbẹ̀. Gateway gan-an nìyẹn. Kọ̀ǹpútà tó bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn nínú gbọ̀ngàn yóò fi ránṣẹ́ tààrà. Tó bá jẹ́ ará ìta ni, yóò gbé e lọ bá oníbodè tí wọ́n kọ sínú ètò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà IP oníbodè, àdírẹ́sì tí a kọ fún un, nìkan ló mọ̀, kò mọ àdírẹ́sì MAC rẹ̀, nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, nítorí náà yóò kígbe sí gbogbo gbọ̀ngàn pé: ta ló ń jẹ́ 192.168.10.1? Ráútà á dáhùn, kọ̀ǹpútà á sì kọ ìdáhùn náà pamọ́. ARP ni wọ́n ń pè é, ọdún 1982 ni ìlànà rẹ̀ jáde nínú RFC 826, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ti ń béèrè pé, tí oníbodè yìí bá kú ńkọ́, ta ni kí n lọ bá?

Àwọn kan máa ní kí n kọ gateway méjì sínú Windows. Mo ti dán an wò. Kọ̀ǹpútà kan yí sí èkejì, òmíràn jókòó ti òkú títí mo fi tún un tàn. N kò lè gbé iṣẹ́ àwọn èèyàn lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìlànà kan tún wà láti ọdún 1991, RFC 1256, níbi tí ráútà fúnra rẹ̀ ti ń polongo ara rẹ̀ fún àwọn kọ̀ǹpútà. Ó dára lójú, àmọ́ bí a bá lò ó bó ṣe wà, kọ̀ǹpútà lè gbà pé ráútà tó ti kú ṣì wà láàyè fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú! Màmá Ọmùò á ti bọ́ sójú ọ̀nà.

Nílẹ̀ Èkìtì níbí, bí ọba bá wàjà, a kì í fi ààfin sílẹ̀ lófìfo. Ọmọbìnrin ọba ló sábà máa ń bọ́ sípò gẹ́gẹ́ bí adelé, títí wọn yóò fi yan ọba tuntun. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí adelé wà ní ìlú ìyá mi. Ó wọ agbádá bí ọkùnrin, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, fìlà wà lórí rẹ̀. Mo rí bàbá ìyá mi, àgbàlagbà tó ń tẹ ọ̀pá rìn, tó gbé ọ̀pá sílẹ̀ tó sì dọ̀bálẹ̀ fún ọmọbìnrin tí kò ju àbígbẹ̀yìn rẹ̀ lọ, tó pè é ní Kábíyèsí. Mo bi í nígbà tí à ń bọ̀ nílé pé ṣé kò mọ̀ pé obìnrin ni. Ó ní, "Ààfin ni mo kí."

Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn lálẹ́ ọjọ́ tí mo jókòó ka ìwé VRRP, ìlànà tó ń jẹ́ kí ráútà méjì jọ dúró lẹ́yìn orúkọ kan ṣoṣo. Ẹni tó gbé ẹjọ́ wá sáàfin kò ní láti mọ ẹni tó wà lórí àga. Ààfin ló mọ̀, ààfin ló sì wá. Bákan náà ni VRRP ṣe. Ráútà méjì á ní àdírẹ́sì tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn á sì jọ ní ẹ̀kẹta tí kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú wọn. Ẹ̀kẹta yìí ni a ń kọ sínú àwọn kọ̀ǹpútà. Àdírẹ́sì MAC náà kì í ṣe ti ráútà kankan: 00-00-5E-00-01 ló fi ń bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà ẹgbẹ́ wọn ló sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹgbẹ́ 10 ni mo fún tiwa, nítorí náà tí ẹ bá tẹ arp -a lórí èyíkéyìí nínú kọ̀ǹpútà wa, 00-00-5e-00-01-0a lẹ máa rí níwájú 192.168.10.1 (0a ni wọ́n ń kọ 10 níbẹ̀). Ráútà yòówù kó wà lórí àga, nọ́ńbà yẹn kì í yí padà. Kọ̀ǹpútà kì í tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti kúrò.

Báwo ni adelé ṣe ń mọ̀ pé àga ti ṣófo? Èyí tó wà lórí àga máa ń ké jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, sí àdírẹ́sì 224.0.0.18, pé òun wà láàyè. Èkejì ń gbọ́, kò sì fọhùn. Ráútà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní priority, mo máa ń pè é ní nọ́ńbà àgbà: 100 ni tí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, ẹ sì lè gbé e dé 254. Mo fi àkọ́kọ́ sí 150, mo fi èkejì sílẹ̀ ní 100. Bí ohùn àgbà bá dákẹ́, ìkejì yóò dúró fún ìkéde mẹ́ta, yóò tún fi ìdá kan nínú ìṣẹ́jú àáyá lé e, ìyẹn 256 yọ 100, kí a fi 256 pín in. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ bí ìṣẹ́jú àáyá 3.6. Ìdá kékeré yẹn dùn mọ́ mi púpọ̀. Bí nọ́ńbà àgbà bá ṣe pọ̀ tó ni ìdúró náà ń kúrú tó, nítorí náà tí ráútà mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ń retí àga kan náà, àgbà wọn ló máa kọ́kọ́ lanu, àwọn yòókù á gbọ́, wọ́n á sì dákẹ́. Kò sí ìjà oyè. Bó bá sì jẹ́ pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa ti àkọ́kọ́ bó ṣe yẹ, yóò fi nọ́ńbà 0 ránṣẹ́ kó tó lọ, èkejì kò sì ní dúró fún ìkéde mẹ́ta kankan.

Gbàrà tó bá gun àga, adelé yóò ké ARP tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Súwíìṣì, ẹ̀rọ tí okùn gbogbo kọ̀ǹpútà àti ráútà wọ̀, ló fẹ́ kó gbọ́ jù, kó lè mọ̀ pé ihò tí MAC náà wà ti yàtọ̀.

Ọdún 1998 ni VRRP jáde nínú RFC 2338. Cisco, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ráútà, ti ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ HSRP, ọdún 1998 náà ni wọ́n kọ ọ́ sínú RFC 2281. Òun máa ń kí ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta, ó sì ń dúró fún mẹ́wàá kó tó gbà pé ẹnìkejì ti kú. Cisco tún ní GLBP, tó ń jẹ́ kí ráútà tó tó mẹ́rin jọ gbé ẹrù lábẹ́ IP kan ṣoṣo. Nígbà tí Cisco sọ pé òun ní ẹ̀tọ́ nínú ohun tó wà nínú VRRP, àwọn tó ń ṣe OpenBSD, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan, lọ kọ tiwọn, CARP, wọ́n sì gbé e jáde pẹ̀lú OpenBSD 3.5 ní 2004. VRRP tó mọ IPv6 jáde ní 2010. Ráútà MikroTik la ní, VRRP sì wà nínú rẹ̀ láìsan owó kún un. Tó bá jẹ́ sáfà Linux lẹ fi ń ṣe ráútà, keepalived ni kí ẹ lò.

Ohun kan tí mo ṣe tí inú mi dùn sí: n kò fi àdírẹ́sì tuntun ṣe ẹ̀kẹta náà. Nígbà tí ráútà méjì tún pé nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo gba 192.168.10.1 kúrò lọ́wọ́ èyí tó ń lò ó, mo sọ ọ́ di ti ààfin, mo wá fún àwọn méjèèjì ní 192.168.10.2 àti 192.168.10.3. Bẹ́ẹ̀ ni n kò ṣe fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo nínú 42. DNS wọn náà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń béèrè nọ́ńbà IP tó wà lẹ́yìn orúkọ ìkànnì, 192.168.10.1 ló ti wà tẹ́lẹ̀, nítorí náà òun náà tẹ̀ lé ààfin. Ẹ wo ibẹ̀ dáadáa o. Mo ti rí ibi tí gateway yí bó ṣe yẹ, àmọ́ tí DNS ṣì ń tọ́ka sí ráútà tó kú, gbogbo èèyàn sì ń pariwo pé íntánẹ́ẹ̀tì kò sí.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo tan án, nǹkan bàjẹ́. Ping, ìránṣẹ́ kékeré tí a fi ń wò bóyá ẹnìkejì ń dáhùn, ń wọlé, ó tún ń sọnù, lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Mo wo ráútà àkọ́kọ́, ó ní òun ló wà lórí àga. Mo wo èkejì, òun náà ní òun ni. Ọba wà nílé, adelé tún dé fìlà! Súwíìṣì ń rí MAC kan náà ní ihò méjì, ó ń jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìgbà tí mo kà á fínnífínní ni mo rí i: ìkéde VRRP kì í gba TCP tàbí UDP, ọ̀nà méjì tí ọ̀pọ̀ ìránṣẹ́ ń gbà, nọ́ńbà ìlànà tirẹ̀ ni 112, ògiri ààbò tí mo kọ sórí ráútà kejì sì ń ju gbogbo ohun tí kò bá mọ̀ nù. Kò gbọ́ ohùn àgbà rí láti ìgbà tí mo ti tàn án, ó sì rò pé ààfin ti ṣófo. Mo fi ìlà òfin kan kún un pé kó gba 112 láti 192.168.10.2 nìkan, mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkejì rẹ̀, ariwo sì rọlẹ̀. "Nìkan" yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹnikẹ́ni tó bá ní láptọ́ọ̀pù nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà lè ké pé òun lòun dàgbà jù, kó sì gba ẹnubodè. Kò sì tó lójú mi, nítorí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ibi lè jí àdírẹ́sì lò. Ìdí nìyẹn tí mo fi yọ wáìfáì àwọn oníbàárà sí VLAN tirẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dá dúró lórí súwíìṣì kan náà, jìnnà sí àwọn ẹ̀rọ wa.

Ìṣòro kejì ló kọ́ mi jù. Bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà gé fáíbà ìlà wa àkọ́kọ́. Ráútà àkọ́kọ́ kò kú. Iná rẹ̀ ń tàn, okùn rẹ̀ sí súwíìṣì dára, ó sì ń ké ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan pé òun wà láàyè. Òótọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n gbogbo páákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá gbé fún un, inú kànga ló ń bọ́ sí. VRRP kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ráútà. Ó mọ̀ pé oníbodè dúró, kò mọ̀ pé afárá tó wà níwájú ti já. Ẹ̀yin lẹ máa fi kún un. Mo lo Netwatch lórí MikroTik: ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá, ráútà àkọ́kọ́ yóò gba ìlà tirẹ̀ fi ping kan àdírẹ́sì kan lókèèrè. Bí kò bá gbọ́ èsì, yóò fọwọ́ ara rẹ̀ fa nọ́ńbà àgbà rẹ̀ wálẹ̀ láti 150 sí 50. Ọgọ́rùn-ún ju àádọ́ta lọ, nítorí náà èkejì yóò gba àga. Bí ìlà bá padà, nọ́ńbà yóò gòkè, àga yóò sì padà sọ́dọ̀ àkọ́kọ́. Fún ìlà tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ lè pa gbígba àga padà yẹn, kí adelé jókòó títí ẹ̀yin fúnra yín yóò fi sọ pé ó tó. Lórí VRRP ó máa ń wà ní títàn, lórí HSRP ó máa ń wà ní pípa.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ rárá. Ìlà méjì láti ilé iṣẹ́ méjì túmọ̀ sí àdírẹ́sì ìta méjì, ohun tí èèyàn bá ń ṣe lọ́wọ́ lórí ìlà àkọ́kọ́ yóò sì já. Ẹni tó ń ka nǹkan kò ní fura. Ẹni tó ń sanwó ní báńkì lórí ayélujára lè ní láti tún wọlé. Mo kọ ọ́ sára ògiri pé kí wọ́n wo àkáǹtì wọn kí wọ́n tó sanwó lẹ́ẹ̀kejì.

Èyí tó kù ni iná. Ráútà méjèèjì ń jẹun lára inverter kan ṣoṣo, súwíìṣì kan ló sì so wọ́n pọ̀. Ọ̀gá ti gbà kí a ra inverter kékeré mìíràn fún ráútà kejì lóṣù yìí. Súwíìṣì ló kàn.

Lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí a bá ti tilẹ̀kùn, a máa ń dán an wò. Mo máa ń jókòó sí kọ̀ǹpútà kẹtàdínlógún, ping -t á máa sáré lójú rẹ̀. Àbúrò tí mò ń kọ́ níṣẹ́ á dúró sídìí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fà á?"

"Fà á."

Okùn kúrò lára ráútà àkọ́kọ́. Ìlà tó ń sáré lójú kọ̀ǹpútà dúró, mo mú èémí dání, "Request timed out" jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èsì sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

"Ṣé kí n dá a padà báyìí?"

"Rárá, fi í sílẹ̀ ná. Jẹ́ kí adelé gbé e fún wákàtí kan, ká mọ̀ bóyá apá rẹ̀ ká a."